Ẹran Tí Kò Ṣeé Kà

Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, ọmọdé kì í dédé nawọ́ sí ẹran. Oúnjẹ la ó kọ́kọ́ jẹ. Ẹran á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo títí àgbà yóò fi ní ká máa jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí ẹran bá ti mọ́ lẹ́nu, olè ni yóò yà. Ẹyin náà ò bọ́ nínú ẹ̀sùn yẹn.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, báwo la ṣe fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọmọ nídìí abọ́ ìrẹsì tí a ti gé adìẹ wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́? Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn nílé wa, torí kì í pẹ́ jinná. Bí ìrẹsì ife kan bá ti wà lórí iná pẹ̀lú omi ife méjì, adìẹ á bọ́ sórí iná kejì. Àyà bróílà ni kí ẹ rà, kí ẹ gé e tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Adìẹ tó ti yé ẹyin tán kì í tètè rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀, àlùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀ dín in fún bí ìṣẹ́jú 8 sí 10, títí inú rẹ̀ kò fi ní pọ́n mọ́. Kárọ́ọ̀tì ló ń kọ́kọ́ wọlé, kábéèjì á tẹ̀ lé e, ùgú á gbẹ̀yìn. Kí ẹ tó rẹ́ ùgú ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, torí èyí tí a bá rẹ́ ká tó fọ̀, omi ló ń gbé oore rẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé tàtàṣé: fítámì C inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ lò dáadáa. Ní ti kúúbù amọ́bẹ̀dùn, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; bí ẹ bá ti fi sí i, ẹ jẹ́ kí iyọ̀ sinmi.

Èmi ò rò pé ẹran ń sọ ọmọ di olè. Ọmọ tó ń dàgbà nílò purotéènì, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ jẹ. Àmọ́ àṣà kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní jẹ́ kó lọ: ẹni tó bá pín oúnjẹ ni yóò mú tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ fún ọmọ ní ṣíbí ìpínrẹsì, kí ẹ máa wò ó. Á wa ìsàlẹ̀ ìkòkò, á wo abọ́ tọ̀tún wo tòsì, á dá adìẹ díẹ̀ padà, torí ó mọ̀ pé èyí tó bá kéré jù lè kan òun. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kí gbogbo wọn máa pín in.

Kí wọ́n sì bu ti ẹni tí kò tíì dé sọ́tọ̀. Ẹ má dé e mọ́lẹ̀ sórí tábìlì di òwúrọ̀. Bí ooru rẹ̀ bá ti lọ, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí 2, torí kòkòrò kan ń hù nínú ìrẹsì jíjinná tó wà níta, gbígbóná padà kì í sì í pa oró rẹ̀.

Lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ mú abọ́, èmi àti bàbá wọn kò tíì fẹnu kò. Ó ní àgbà ni. Mo ní ẹni tó fọ abọ́ lánàá ni.