Ìṣó Inú Eérú

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní 2022, ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni mo lọ ní Odógunyàn, nítòsí ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n ṣa ìṣó kúrò nínú eérú ààrò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odógunyàn kì í ṣe abúlé mọ́, ṣùgbọ́n ilé ìdáná wa ṣì jẹ́ ti abúlé. Pákó páléètì ni màmá fi ń dáná, irú èyí tí wọ́n máa ń to ọjà lé nínú ilé-iṣẹ́. Bó bá ti fọ́, àwọn ọmọkùnrin kan á fi ọmọlanke kó o jáde, wọ́n á tà á ní ìdì-ìdì. Ó gbẹ, ó sì tètè ń gbiná. Mo tilẹ̀ rò pé ó sàn ju èédú lọ, nítorí igi tó wà láàyè ni wọ́n ń gé lulẹ̀ l'Ókè-Ògùn kí èédú tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan mo rí lẹ́tà MB lára pákó kan. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi náà. MB, oògùn olóró methyl bromide ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀dà lára, òmíràn ti mu epo ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ la ń sun, omi ń dà lójú wa, màmá ń wúkọ́, a sì ń sọ pé òtútù òjò ni.

Mo sọ fún un pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé pa tó mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní 2020. Ó ní, "Ṣé kí n má jẹun ni?" Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópadé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn, tó jáde ní 2017. Aboyún 324 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: apá kan gba sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá kẹrosíìnì tàbí igi wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó gba sítóòfù náà tó ti àwọn yòókù. Wọ́n fún wọn ni o. Wọn ò ní kí wọ́n lọ rà á.

Mo fi owó lẹ́sìnnì tí mo ń ṣe fún àwọn ọmọ àdúgbò ra sílíńdà gáàsì kékeré. Màmá da aṣọ bò ó. Tíì àlejò nìkan ló ń fi í sè. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Igi á jẹ́ kí n rí i pé òun fẹ́ tán. Gáàsì kì í sọ. Ó lè jẹ́ igba náírà ni mo ní lónìí. Ta ló máa ta gáàsì igba náírà fún mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. A wá pín in: ọbẹ̀ lórí gáàsì, ẹ̀wà lórí igi, nítorí ẹ̀wà ń jẹ gáàsì. Mo gbé ààrò kúrò lábẹ́ páànù sí ìta gbangba, mo sì ń ṣa àwọn pákó ọlọ́dà àti ti MB sọ́tọ̀. Ibi tí màá kó wọn dà sí ni mi ò mọ̀. Wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ilé títí dòní.

Ikọ́ náà dín kù, kò lọ tán. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá pè mí. "Gáàsì yẹn ò mà sọ fún mi o." Mo ní màá fi owó ránṣẹ́. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.