Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi Lójú Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn

Ẹni tí kò bá tíì gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn lè máa rò pé òun mọ ọ̀nà náà. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wọ ọkọ̀ a máa sùn ní Ilọ́rà, a sì jí ní Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ mọ gbogbo òkè àti gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀, nítorí itan rẹ̀ ni ó fi san owó ọkọ̀. Ọ̀nà náà lé ní 30 máìlì. Mo fi kẹ̀kẹ́ rìn ín ní ọdún 1974, ohun tí ó sì kọ́ mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi di òní.

Tíṣà kékeré ni mí ní Ọ̀yọ́ nígbà náà. Àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ti rí ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ̀wé sí wa pé bí a kò bá san owó kí agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, àwọn yóò fún ẹlòmíràn ní ibùsùn rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni owó náà tó pé. Nígbà tí a kà á tán, kọ́bọ̀ díẹ̀ ló ṣẹ́kù, kò sì tó owó ọkọ̀. Mo ní, "Kí ni kẹ̀kẹ́ Bàbá ń ṣe?"

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, oníṣòwò aṣọ òkè ni. Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú ni ó fi ń ná ọjà Akẹ̀sán àti àwọn ọjà agbègbè. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, yóò dojú kẹ̀kẹ́ náà dé sí àgbàlá, yóò nu ṣéènì, yóò kán epo sí i, yóò sì fi ọwọ́ gbo táyà yípo bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ. Yóò ní kí n wá wò ó. Èmi a ní mo ń kàwé. Mo rò pé ọwọ́ tó ń di gègé mú kò yẹ kí ó di sípánà mú. Bàbá kú ní ọdún 1972, kò sì sí ẹni tó dojú kẹ̀kẹ́ náà dé mọ́.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo gbé e jáde. Táyà ẹ̀yìn rọ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó le, mo ní ó parí. Pẹ́dà òsì ń mì; mo mú sípánà, mo yí i sí ọwọ́ ọ̀tún bí a ti í yí gbogbo ìdè kí ó lè le. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní epo Bàbá ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo lọ sùn.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mo kúrò ní Ọ̀yọ́. Ní Ilọ́rà, ìrì ṣì wà lórí koríko, àwọn ìyá ẹlẹ́kọ ń polówó, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń kí mi. Pẹ́dà òsì ń ké, ṣùgbọ́n mo ń kọrin borí rẹ̀.

Kí n tó dé Jọ́bẹ̀lé ni mo gbọ́ ṣìì-ì-ì lẹ́yìn mi. Táyà ti jò. Nínú àpò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ rán fún Bàbá, mo bá sólúṣọ̀n, sáńpépà, ègé rọ́bà, súkúdíráfà àti ṣíbí irin méjì. Mo rò pé oúnjẹ ni Bàbá ń fi ṣíbí náà jẹ. Mo ki ẹnu súkúdíráfà bọ abẹ́ táyà, mo sì fi agbára yọ ọ́.

Ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ ṣàánú mi, ó bu omi sínú igbá kí n ri túùbù bọ̀ ọ́. Ibi méjì ni omi ti ń hó: ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gún, èkejì jẹ́ ti súkúdíráfà. Ìyá náà wo ṣíbí, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣíbí ni ọkọ mi fi ń yọ táyà. Ẹnu rẹ̀ kì í gé nǹkan."

Mo tún kánjú. Bí mo ti fi sólúṣọ̀n pa ojú ihò náà ni mo lẹ rọ́bà mọ́ ọn ní tútù, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Mo ní láti ṣí i, kí n fi sáńpépà ha ibẹ̀, kí n fi sólúṣọ̀n pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí n sì dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí tí kò fi dán mọ́, kí ó tó mú. Mo fẹ́ dá túùbù padà nígbà tí ìyá náà ní, "Fi ọwọ́ gbo inú táyà ná." Ẹ̀gún náà ṣì wà níbẹ̀! Ìgbà náà ni mo rántí ọwọ́ Bàbá.

N kò tíì dé Fìdítì nígbà tí pẹ́dà òsì já bọ́ sí títì. Mo fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n ẹyín inú ihò rẹ̀ ti jẹ tán. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti màlúù tó kọ ọ̀nà, títí mo fi rí ọsàn Fìdítì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ní bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe wà lóko. Mo jókòó dè é.

Nígbà tí ó dé, ó wo pẹ́dà náà, ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ wo lẹ yí i sí?"

Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tú u ni, ẹ kò dè é. Pẹ́dà ọ̀tún ń le sí ọwọ́ ọ̀tún. Ti òsì ń le sí ọwọ́ òsì. Àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ìrìn ẹsẹ̀ wa má baà máa tú u."

Ó fi igi ti abẹ́ irin apá pẹ́dà, ó fi òòlù lu kọ́tà jáde, ó sì fi apá àlòkù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ju kọ́bọ̀ tí mo ní lọ, n kò sì lè fọwọ́ kan owó Àbẹ̀kẹ́. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi fún un pé kí ó bá mi tọ́jú rẹ̀.

Mo gun kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí olè ń lé. Mo kọjá Akínyẹlé, mo kọjá Mọ́níyà, mo kọjá Ọ̀jọ́ọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, mo bi ọkùnrin kan pé agogo mélòó ló lù. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí méjì lù. Nígbà tí mo fi dé ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò, agogo méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Akọ̀wé ti pa ìwé dé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ mi. Ààyè Àbẹ̀kẹ́ kò bọ́, ṣùgbọ́n ibùsùn rẹ̀ ti lọ. Ilé àǹtí wa ní Mọ́kọ́lá ni ó gbé ní gbogbo táàmù àkọ́kọ́, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Kò bínú sí mi. Nígbà ìsinmi Kérésì ló kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bùọ̀dá mi, sípánà tí ẹ yí sódì ni mo fi ẹsẹ̀ rìn fún o."

Nígbà tí mo ń padà sílé, mo yá owó lọ́wọ́ àǹtí wa láti gba aago mi ní Fìdítì. Bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní kí n jókòó, kí ó kọ́ mi ní ohun tí Bàbá mi fẹ́ kọ́ mi. Ó ní kí rọ́bà bíréèkì máa kan irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan, kí ó má kan sípókù, kí epo má sì kan irin náà láé. Ó ní kí n nu ṣéènì kí n tó kán epo sí i, kí n sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, torí epo tó pọ̀ jù ń kó iyanrìn jọ. Ó gba rúlà mi, ó fi wọn ṣéènì: ojú 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì kọjá bẹ́ẹ̀, kí n pààrọ̀ rẹ̀, kí ó má baà jẹ ẹyín irin tó ń yí i.

Lónìí, ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Bàbá wà lọ́dọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi náà a máa dojú rẹ̀ dé sí àgbàlá, mo sì ń pe àwọn ọmọ ọmọ mi, ìbáà jẹ́ ìwé ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, bí kẹ̀kẹ́ bá wà nílé yín, ẹ má ṣe dúró di alẹ́ ìrìn-àjò kí ẹ tó wò ó. Ẹ wò ó ní ojúmọmọ, ẹ fi sùúrù wò ó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kẹ̀kẹ́ a máa sọ̀rọ̀ nílé kí ó tó kọṣẹ́ lọ́nà. Bí pẹ́dà bá ń ké, ẹ má ṣe kọrin borí rẹ̀.