Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Ogun mìíràn ṣì ń jà lẹ́yìn títì

"Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Ta ni ò mọ gbólóhùn yìí nínú ọmọ Yorùbá? Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ṣọ́jà Biafra gba Benin, tí wọ́n já wá sí Ọ̀rẹ̀, Èkó ni wọ́n sì fojú sùn. Ọ̀rẹ̀ níbẹ̀ làwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà. Ogun yẹn ti parí láti 1970, ṣùgbọ́n òmíràn wà lágbègbè náà tí wọn kì í yìnbọn nínú ẹ̀. Àwọn ọmọdébìnrin ló ń bá fínra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà Èkó sí Benin, ẹ mọ Ọ̀rẹ̀ dáadáa. Oríta gidi ni. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti pàdé. Bọ́ọ̀sì á yà kí èrò jẹun, tírélà tó kó gẹdú á dúró sinmi, ìlú ò sì ní tètè sùn. Ibẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tó ń jẹ́ Odígbó gan-an wà lọ́nà Oǹdó. Ohun tí èrò ọkọ̀ máa ń rí nìyẹn.

Ẹ wá yà kúrò lórí títì, kẹ́ ẹ wọnú oko kòkó. Ibẹ̀ lẹ óò ti rí àwọn abúlé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní káńpù. Kì í ṣe ọmọ Oǹdó nìkan ló ń gbébẹ̀ o. Iṣẹ́ oko ti kó èèyàn wá láti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, títí kan àwọn Ìgbìrà, Ùròbò àti Tiv. Ọ̀kadà ló ń ná ibẹ̀. Bójò bá rọ̀ dáadáa, ọlọ́kadà á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà kó tó dáhùn pé òun ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 16 kan nínú káńpù bẹ́ẹ̀, tí nǹkan oṣù ẹ̀ ò wá mọ́. Ta ló fẹ́ bi? Ìyá ẹ̀ ò bá a sọ ọ́ rí, ojú ń tì í. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé jìnnà, owó ọ̀kadà ò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ débẹ̀, ẹ̀rù ń bà á kí nọ́ọ̀sì má bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" kọ́rọ̀ náà sì délé ṣáájú ẹ̀. Ló bá kúkú gba ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kó lọ mu. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe ń kú.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ló ti bímọ tàbí tó ti lóyún. Nígboro, 8 ni. Ní ìgbèríko, 27! Ara ọmọdé ò sì tíì gbó fún ìbímọ. Ọmọ lè há sí i nídìí fún ọjọ́ púpọ̀. Bí kò bá kú, ìtọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí gbogbo èèyàn á máa sá fún un.

Ká sòótọ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbìyànjú. Lọ́dún 2009, nígbà ìjọba Mimiko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọrẹ̀. Wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ bá wọn nílé. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ l'Ákùúrẹ́. Nǹkan dáadáa ni. Àmọ́ ẹni tó ti lóyún ni Abíyè ń wá nígbà náà. Ọmọ tí ò tíì lóyún, tí a sì fẹ́ kó kàwé tàbí kó kọ́ṣẹ́ ná, ta ló ń wá a lọ?

Òun la ṣe ní kí ìlera tọ àwọn ọ̀dọ́ lọ sínú káńpù. Ọjọ́ ọjà ló dára jù, torí gbogbo oko ló ń jáde. Kí wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀, kí wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀, kí kálukú lè béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kí wọ́n wá ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè Ìgbìrà tàbí Tiv mọ́ra, torí Yorùbá nìkan ò lè dé gbogbo ilé. Kí wọ́n ṣàlàyé kọ́ńdọ̀ọ̀mù, ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti àyẹ̀wò éèdì láì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n má sì gbàgbé àwọn ọmọkùnrin, nítorí obìnrin kì í dá lóyún. Pàtàkì jù lọ, kí wọ́n tún padà wá. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó ya fọ́tò, tó lọ, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá.

Àwọn òbí kan máa ń ní ẹ̀kọ́ yìí á ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò bá ọmọ yín sọ, ẹlòmíràn á bá a sọ ọ́ nínú oko kòkó, ọ̀nà tiẹ̀ ni yóò sì gbà sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá tún dúró jẹun l'Ọ́rẹ̀, ẹ rántí àwọn tó wà lẹ́yìn igi yẹn. Káńsẹ́lọ̀ tó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì náà mọ̀ ọ́n.