Rinrin Kọ́ Nìyí

Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Erékùṣù Málítà la ti rí i pé ẹni tó mọ orúkọ ewé tí kò dá ewé náà mọ̀ lè ṣe ọmọ òrìṣà léṣe.

London là ń gbé. Ọmọbìnrin kan nínú ilé òrìṣà wa ń ṣiṣẹ́ ní Málítà, ó sì bẹ̀ wá kí a wá wẹ orí fún òun níbẹ̀. Oṣù Kẹta ni a lọ. A mú ẹfun àti òrí dání, a sì gbà pé a ó rí ewé já, torí àsìkò òtútù ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

Lẹ́bàá ògiri òkúta kan, a rí ewé kékeré kan tó rọ̀, tó rí roboto, tó hù síbi tí ilẹ̀ ti rin. A ní, "Rinrin rèé!" Àwa àgbà la sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa lọ ló ń gbo ewé náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé rinrin máa ń ní oje funfun?" Kí a tó dáhùn, ó ti fi ọwọ́ nu òógùn ojú. Ó figbe ta. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wú, kò lè là á mọ́. A da omi tó mọ́ sí i títí, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ó tó ríran dáadáa.

Euphorbia peplus ni ewé náà, ọ̀kan nínú ẹbí oró. Tengħud ni àwọn ará Málítà ń pe irú wọn. Ẹ jẹ́ ká dá a mọ̀. Igi rinrin mọ́ gaara, omi lásán ló wà nínú rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì nà ṣóńṣó bí ìrù eku. Bí ẹ bá ṣẹ́ oró, oje bíi wàrà ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n oje nìkan kò tó, torí ọ̀pọ̀tọ́ àti yánrin náà ní in. Ẹ wo òdòdó: ti oró dà bí ife kékeré, èso oníhò mẹ́ta sì ń yọ orí jáde láti inú rẹ̀. Orí peplus máa ń pín sí mẹ́ta, etí ewé rẹ̀ sì dán. Ti Euphorbia helioscopia sábà máa ń pín sí márùn-ún, orí ewé rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Euphorbia melitensis, tí kì í hù níbòmíràn láyé àfi Málítà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, máa ń ṣù roboto lórí àpáta. Euphorbia dendroides ga tó ènìyàn, ó sì ń wọ́wé nígbà ẹ̀rùn. Oje gbogbo wọn ló ń ta ojú.

A da omi náà nù. Bí kì í bá ṣe ojú ọmọkùnrin yẹn, orí ọmọbìnrin náà là bá dà á lé, ì bá sì ṣàn sí i lójú méjèèjì.

Inú ìwé la ti kọ́ Yorùbá. Gbígbẹ la máa ń ra rinrin, nínú ọ̀rá. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu wa, òun fúnra rẹ̀ kò sí lójú wa.

Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin náà wá sí London, a sì fi rinrin tí a gbìn sínú ìkòkò wẹ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà la rí peplus lábẹ́ fèrèsé wa. Ó ti ń hù níbẹ̀ láti ọdún yìí wá, a kàn ń pè é ní koríko ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ewé, ẹ má ṣe tijú láti béèrè bíi ti ọmọkùnrin yẹn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dúró gbọ́ ìbéèrè náà kí ọwọ́ tó kan omi. Kí ewé máa jẹ́ fún wa. Àṣẹ.