Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Lórí Òkè Gianicolo

Róòmù, Ítálì

Bàbá mi,

Kí n tó gbéra, ẹ ní bí mo bá dé Róòmù, kí n bá yín wádìí ọ̀rọ̀ tẹlisíkóòpù tí àwọn ọmọ bá pàdé nínú ìwé wọn: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ta ló sì sọ ọ́ lórúkọ? Òkè tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ni mo gùn láàárọ̀ yìí.

Gianicolo ni òkè náà ń jẹ́. Gbogbo ìlú tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Nígbà tí aago 12 ọ̀sán lù, wọ́n yin àgbá kan ṣoṣo bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, àwọn ọmọdé fọwọ́ di etí.

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1611, Federico Cesi se àsè níbẹ̀ fún Galileo, onímọ̀ nípa ìràwọ̀. Ọmọ ọlọ́lá ni Cesi, òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan sílẹ̀ ní 1603, tí wọ́n fi orúkọ lynx pè, ẹranko bí ológbò ńlá tí ojú rẹ̀ mú gan-an. Ìròyìn ìgbà náà ní kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n fi awò Galileo ka lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára ṣọ́ọ̀ṣì Lateran, wọ́n sì ní ó tó máìlì 3 síbẹ̀. Èmi náà ranjú mọ́ apá ibẹ̀ títí, n kò rí ju góńgó òrùlé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ àsè náà ṣú, wọ́n wo àwọn òṣùpá tó ń yí Júpítà po.

Awò náà ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ní 1608, Hans Lipperhey, oníṣẹ́ awò ojú ní Middelburg nílẹ̀ Netherlands, ti bẹ ìjọba fún ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Orúkọ ni kò tíì fìdí múlẹ̀. Perspicillum ni Galileo ń pè é lédè Látìn. Lédè Ítálì, occhiale, tí wọ́n tún fi ń pe awò ojú. Níbi àsè náà, Giovanni Demisiani, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ni wọ́n ní ó lọ sínú èdè baba rẹ̀, ó mú tele, ọ̀nà jíjìn, ó so ó mọ́ skopein, kí á wo nǹkan.

Bàbá, inú mi dùn dọ́ba. Awò awọ̀nàjíjìn ni àwa náà ń pè é! Wíwò ló bí awò, ọ̀nà jíjìn sì tẹ̀ lé e: ohun méjì tí Gíríìkì so pọ̀ náà ni Yorùbá so pọ̀. Tele yẹn ló wà nínú tẹlifóònù, ohùn láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1625, Giovanni Faber nínú ẹgbẹ́ Cesi tún mú skopein, ó fi sọ awò tí à ń fi wo ohun tíntìntín lórúkọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn ọmọ bá tún ṣí ìwé yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n há ọ̀rọ̀ náà sórí bí ohun àjèjì. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n pe awò awọ̀nàjíjìn, kí wọ́n sì tú u palẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n á rí i pé ìtumọ̀ tí wọ́n ń wá ti wà lẹ́nu wọn.

Èmi ni ọmọ yín.