Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀pọ̀ Òǹkàwé Kò Ní Rí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ wa kì í yéé bi àwa tó ti pẹ́ nínú rẹ̀: ‘Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń kọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní kà láéláé?’ Ìtàn ẹlẹ́ka ni iṣẹ́ wa, ìtàn tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ń yan ibi tí yóò yà sí lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Bó bá yan ọ̀nà kan, ó ti fi mẹ́ta sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa la kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ náà tọ́, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí òmíràn tó le jù ú lọ fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀: kí ni ká gbọ́ nínú ohun tí àwọn òǹkàwé tó ta géèmù wa bá sọ nígbà tí wọ́n bá parí? Ìyìn wọn ń dùn mọ́ wa, ìbínú wọn ń dùn wá, a sì ti sọ iṣẹ́ wa di ẹrú méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rí ọ̀nà tí wọ́n gbà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá ka ẹ̀rí ọ̀nà kan sí ìdájọ́ lórí gbogbo ìtàn yóò tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe, yóò sì fi ibi tó bàjẹ́ sílẹ̀. Kò sí géèmù tó fi èyí hàn mí kedere bíi 80 Days, ìtàn steampunk tí ilé-iṣẹ́ inkle ti ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2014.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa. Nígbà tí Will Crowther kọ géèmù Adventure ní Amẹ́ríkà ní 1976, tó gbé e ka ihò abẹ́ ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti rìn ní Kentucky, tí Don Woods sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1977, kò sí àtòjọ ìdáhùn tí èèyàn ń yàn nínú rẹ̀. Òǹkàwé ló máa tẹ ohun tó fẹ́ ṣe ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: lọ sí àríwá, gbé fìtílà, ṣílẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ Infocom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, fi Zork sọ ọgbọ́n yìí di òwò, àṣẹ kan sì wà nínú àwọn géèmù wọn tó ń jẹ́ SCRIPT. Bí òǹkàwé bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó bá bá ẹ̀rọ sọ àti gbogbo èsì tí ẹ̀rọ bá fún un ni yóò wọ inú ìwé, títí kan àṣìtẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Graham Nelson gbé Inform, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ irú géèmù bẹ́ẹ̀, jáde ní 1993, tí ìdíje ọdọọdún IFComp sì bẹ̀rẹ̀ ní 1995, tí iṣẹ́ náà wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é nítorí ìfẹ́, àkọsílẹ̀ yẹn di irinṣẹ́ tí òǹkọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fi ṣeré. Ẹni tó ń bá ọ dán iṣẹ́ rẹ wò kò ní láti ṣàlàyé bó ṣe rí lára rẹ̀. Ó wà nílẹ̀. O máa rí ibi tó ti fẹ́ bá ère sọ̀rọ̀, ère tí o rò pé yóò kàn rìn kọjá lára rẹ̀ ni. O máa rí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tó fi kan ilẹ̀kùn kan náà kó tó bú ẹ̀rọ. O máa rí yàrá tó dúró sí, tó ń yẹ gbogbo nǹkan inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àpèjúwe rẹ wọ̀ ọ́ lára. Ìmọ̀lára rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ wà lójú ìwé kan náà, o ò lè ka ọ̀kan kó o má ka èkejì. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀ ni ohun tí òǹkọ̀wé kò ronú kàn rí: òǹkàwé fẹ́ ṣe nǹkan, ìtàn kò fàyè gbà á, àkọsílẹ̀ sì pa á mọ́ pé ó fẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí irinṣẹ́ mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó lè sọ irú rẹ̀ fúnni.

Infocom bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Activision ní 1986, ó sì kógbá sílé ní 1989. Ìtàn ẹlẹ́ka orí ìwé ti wà lọ́jà nígbà náà, Choose Your Own Adventure láti 1979, àti Fighting Fantasy tí Steve Jackson àti Ian Livingstone bẹ̀rẹ̀ ní 1982; ìran tiwọn ló wá jogún fóònù. Irinṣẹ́ Twine dé ní 2009, ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì di òǹkọ̀wé ìtàn ẹlẹ́ka. Mi ò sí lára àwọn tó ń sunkún pé títẹ ọ̀rọ̀ kú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń retí, tí wọ́n sì fi géèmù sílẹ̀ nínú yàrá àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn yẹ kó ṣí. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí a fi rọ́pò àkọsílẹ̀ òǹkàwé. Iye la fi rọ́pò rẹ̀. The Walking Dead ti ilé-iṣẹ́ Telltale, tó jáde ní 2012, a máa fi hàn ọ́ ní òpin ìpín kọ̀ọ̀kan pé èèyàn mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló yan ohun tí ìwọ náà yàn, a sì máa kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé ẹni báyìí yóò rántí ohun tí o ṣe. Géèmù ńlá ni, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún. Síbẹ̀, ohun tí èèyàn mú nínú èyí tí a gbé síwájú rẹ̀ nìkan ni iye lè sọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ já kó tó yàn, àti ẹni tí ìka rẹ̀ ṣèèṣì kàn án, bákan náà ni wọ́n rí nínú ìṣirò. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹta, ni Mass Effect 3 jáde, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ta apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fárígá pé gbogbo ọ̀nà tí àwọn fi ọdún púpọ̀ yàn fẹ́rẹ̀ẹ́ já síbì kan náà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, BioWare tó ṣe é ti ṣe àfikún sí ìparí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, àwọn tó bínú jàre. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ wa kọ́ níbẹ̀ ni kò dáa: a gbà pé a gbọ́dọ̀ máa ṣe òǹkàwé ní pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú àmì àti iye, kó lè dá a lójú pé yíyàn rẹ̀ ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ayé tí yíyàn ti ní ibi gidi láti lọ ni kò rí.

Meg Jayanth ló kọ irú ayé bẹ́ẹ̀ nínú 80 Days, òun àti Jon Ingold tó wà lára àwọn tó dá inkle sílẹ̀ ní 2011. Ìwé Jules Verne ni wọ́n mú, ìtàn Phileas Fogg tó ta tẹ́tẹ́ ní 1872 pé òun yóò yí ayé ká láàárín ọgọ́rin ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fi òǹkàwé ṣe Fogg. Passepartout, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi í ṣe. Òun ló ń di ẹrù, tó ń ṣọ́ owó, tó ń tọ́jú ara ọ̀gá rẹ̀, tó sì ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará ìlú. Mo ka èyí sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò lè pàṣẹ fún ayé. Ó ní láti bẹ̀bẹ̀, ó ní láti fetí sílẹ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sì lè kọ̀ fún un. Bákan náà ni Jayanth ṣe mú steampunk. Láti ìgbà tí K. W. Jeter ti sọ irú ìtàn yìí lórúkọ ní 1987, ọ̀ṣọ́ lásán ni lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé: idẹ, ooru omi, ọkọ̀ òfurufú ńláńlá, Ìlú Ọba sì tún ń jọba lórí gbogbo ayé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Jayanth yí ẹni tó ni ẹ̀rọ padà. Nínú 80 Days, àwọn Zulu ní ìjọba àpapọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn amúnisìn. Àwọn obìnrin ń wa ọkọ̀, wọ́n ń rọ ẹ̀rọ, wọ́n ń dìtẹ̀. Àwọn tí Verne kàn wò fìrí ní ọ̀ràn tiwọn tí wọ́n ń lé kiri. Ní GDC, ìpàdé àwọn tó ń ṣe géèmù, ní San Francisco ní 2016, Jayanth ṣàlàyé ìlànà yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: kí àwọn tí òǹkàwé bá pàdé ní ète tiwọn, kí ayé má dúró de akọni. Ìtàn náà lé ní 500,000 ọ̀rọ̀, ìlú inú rẹ̀ lé ní 150. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú ìrìn kan. Time fi ṣe géèmù tó dára jù lọ ní 2014, ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oyè yẹn kọ́ ni ẹ̀rí mi.

Ẹ̀rí mi ni bí àwọn tó ta á ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìlú tí wọ́n gbà ni wọ́n ń sọ. Ẹnì kan a ní Moscow ni òun gbà, òmíràn a ní Cairo, àwọn méjèèjì a sì máa bi ara wọn léèrè ohun tó wà lápá ọ̀hún bí ẹni tó ti àjò dé. Ẹ̀sùn wọn pàápàá, ẹ̀sùn arìnrìn-àjò ni. Wọ́n ní ọjọ́ ń lé àwọn, àwọn ò ráyè dúró gbọ́ òpin ọ̀ràn ẹni tí àwọn pàdé. Wọ́n ní ẹnì kan kọ̀ láti sọ àṣírí rẹ̀. Wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè padà sẹ́yìn lọ yan òmíràn, àfi kí àwọn tún bẹ̀rẹ̀ láti London. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, inkle sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Nínú Sorcery!, tí àwọn kan náà gbé jáde ní 2013 láti inú ìwé Steve Jackson, o lè padà sí ibikíbi tí o ti kọjá lórí àwòrán ilẹ̀ náà. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe é, wọ́n sì yàn láti má ṣe é. Bí mo ṣe ń wò ó, àwọn tó ta Sorcery! a máa sọ bí wọ́n ṣe yanjú ibi tó le, àwọn tó ta 80 Days a sì máa sọ ibi tí wọ́n lọ. Kódà ẹni tí ọgọ́rin ọjọ́ bá tán mọ́ lọ́wọ́, ìtàn kò lé e dànù. Tẹ́tẹ́ nìkan ló pàdánù. Òǹkàwé tó ń ráhùn pé òun kò gbọ́ òpin ọ̀ràn ẹnì kan ti gbà pé ọ̀ràn náà ń bá a lọ lẹ́yìn òun. Bí a bá fi iye wò ó, àléébù la máa pè é, a ó sì ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn kún un kíá.

Àwọn kan á ní ìfiṣòfò ni ká kọ ohun tí òǹkàwé kò ní rí. Òǹkàwé sanwó fún gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí a ó fi fún un ní díẹ̀? Èmi a máa rántí ẹni tó lọ dá Ifá. Odù 256 ló wà, ẹsẹ inú wọn pọ̀ jaburata, kò sì sí ẹni tó jókòó gbọ́ wọn tán. Babaláwo ń kì, oníbèéèrè ń tẹ́tí títí yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ ẹsẹ kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo ayé ń gbọ́, kí ni yóò mú un gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí? Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé kò rí nínú 80 Days ń ṣiṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí èyí tó rí jẹ́ tirẹ̀. Àtakò kejì ló wúwo jù. Bí ẹ̀rí ọ̀nà nìkan ni òǹkàwé ń jẹ́, òǹkọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa yóò ti rí ibi sá sí: yóò máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá bínú pé ọ̀nà tó gbà ni kò ṣe é. Rárá o. Gbèsè tí òǹkọ̀wé jẹ ló ga sí i. Ẹni tó gba ọ̀nà kan kò ní òmíràn tó lè fi tu ara rẹ̀ nínú, nítorí náà bí ìtàn bá tẹ́ lójú ọ̀nà tó gbà, ìtàn tẹ́ nìyẹn, a ò lè fi ọ̀nà mìíràn gbèjà rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún kò lè sọ ọ̀nà tó tẹ́ fún wa. Àkọsílẹ̀ lè sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gé ẹ̀ka tí èèyàn díẹ̀ ń gbà, bó ti wù kí àwọn tó ń sanwó fún òǹkọ̀wé lónìí fi ìṣirò hàn mí tó. Wọ́n ti pè é ní agídí, wọ́n ti ní ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni díẹ̀ tó gba ẹ̀ka náà ò mọ̀ pé àwọn kò pọ̀. Gbogbo ìtàn ló jẹ́ lójú wọn, mo sì kọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe kọ ojú títì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè, kò sí ohun tó ní kí irinṣẹ́ àtijọ́ yẹn, àkọsílẹ̀ òǹkàwé, má padà. Ink, èdè tí inkle fi ń kọ ìtàn ẹlẹ́ka wọn, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé láti 2016, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè mú kí géèmù rẹ̀ kọ gbogbo ojú ọ̀nà tí ẹni tó ń dán an wò gbà sílẹ̀, kó sì fi àyè sí ìdí yíyàn kọ̀ọ̀kan tí òǹkàwé yóò ti tẹ ohun tó fẹ́ ṣe gan-an tí kò sí nínú àtòjọ wa. Yóò fa ìṣeré sẹ́yìn díẹ̀ fún ẹni tó ń dán an wò, kíkà rẹ̀ yóò sì gba òǹkọ̀wé lákòókò ju wíwo iye lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀: kí ẹ mú àkọsílẹ̀ òǹkàwé kan ṣoṣo wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká sì kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iye fún mi.