Gbèsè Tí Mo San Lẹ́ẹ̀mejì

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni ọmọ mi obìnrin fi wọlé tọ̀ mí wá ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, ní ọjọ́ Sátidé kan. Bí mo ṣe gbọ́ òwe lẹ́nu ẹ láàárọ̀ kùtù, mo mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

Àkọ́bí ẹ tó wà ní Manchester ló ń wí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilẹ̀ kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ ẹ ní ní Akóbọ̀ ni wọ́n tà kí ọmọ náà tó rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san lọ́hùn-ún. Wọ́n sì ti ní ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ kan lọ́kàn fún un. Àfi bó ṣe pè wọ́n lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́, ọmọ Jàmáíkà ni.

"A ta ilẹ̀, Màámi! Ṣé bó ṣe máa san án fún wa nìyí?"

N kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ "san" yẹn ti gbé ọkàn mi lọ.

Lọ́dún 1966, ọmọ ogún ọdún ni mí. Akọ̀wé réluwé ni bàbá mi ní Dùgbẹ̀. Ó yá owó, àwọn àbúrò ẹ náà dá sí i, mo sì wọ ọkọ̀ òkun Aureol ní Àpápá, mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ọkọ̀ náà ń lò kó tó dé Liverpool.

Ní wọ́ọ̀dù ni mo ti pàdé ẹ̀. Mo kí nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, pé "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá wo aláìsàn bá yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "kushe" ni àwọn fi ń kí ara wọn nílé. Ọmọ Freetown ni. Àwọn baba ńlá ẹ wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, bí wọ́n ti gba Àjàyí Crowther tí wọ́n mú ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí bí a ṣe ń kíni. Orúkọ àárín ẹ, Yorùbá pọ́nńbélé ni.

Ọdún méjì gbáko la fi fẹ́ra wa. Kò lówó, èmi náà ò lówó. Bí òtútù bá mú, á bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ kan fún mi, ká máa wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo kọ̀wé sílé, bàbá mi fèsì lórí bébà aláwọ̀ búlúù pé: "A kò mọ orírun ẹni náà. Rántí owó tí a yá. Ẹnì kan ń dúró dè ọ́ nílé."

Háà! Ẹni tí wọ́n jí baba ńlá ẹ gbé lórí ilẹ̀ wa ni wọ́n ní àwọn ò mọ orírun ẹ! Ṣùgbọ́n n kò lè dá bàbá mi lóhùn. Ọdún 1970 ni mo wọkọ̀ padà. Ọkọ̀ náà dúró ní Freetown. Mo fọwọ́ ti irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mò ń wo òkè ìlú ẹ. N kò sọ̀ kalẹ̀.

Mo fẹ́ ẹni tó ń dúró dè mí. N kò ní pa irọ́ mọ́ òkú: èèyàn rere ni, ọdún 42 la fi jọ gbé. Ṣùgbọ́n gbèsè bàbá mi ńkọ́? Owó oṣù mi ni mo fi san án. Lọ́dún 1973, tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, ni mo san èyí tó kù. Kí ni mo wá fi ọmọ Freetown san?

Ọmọ mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Mo ní, "Ẹ̀rù àjèjì ló ń bà yín. Peggy Cripps, ọmọ mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ Joe Appiah ọmọ Gánà lọ́dún 1953. Kúmásì ló gbé títí ó fi kú lọ́dún 2006, ó sì kó òwe Àkán jọ sínú ìwé. Àjèjì a máa di ọmọ ilé. Ẹ wádìí ọmọkùnrin náà dáadáa, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Bàbá mi ò wádìí, ó kàn kọ̀ ni. Owó ilẹ̀ yín, owó ni kọ́mọ fi san án."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a pe ọmọ náà lórí fóònù. "Màmá Jẹ́ríkò, ẹ kú alẹ́ o." Ohùn ẹ ń gbọ̀n. Mo bi í bóyá ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́, bóyá ó máa ń bínú lódì, àti ta ni àwọn èèyàn ẹ. Ó dáhùn gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Ó dáa. Mú un wá ká rí i."

Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́ sí ife, ó mu omi.